Omi Àjọni: Ètò Ààbò fún Púùlù Ilé Tí Ìdílé Púpọ̀ Jọ Ń Gbé

Búlọ́ọ̀kù oníníǹṣì mẹ́fà kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ nílé wa. Kò wó lù ú o. Ẹnìkan ló fi dá géètì púùlù dúró kó má baà máa pa dé, torí wọ́n ń gbé kúlà àti àga wọlé fún ọjọ́ ìbí. Òde parí, àga padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yáni, búlọ́ọ̀kù ò kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún mẹ́ta láti fúláàtì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé. Mẹ́gádì wa tó ń bomi rin òdòdó ló ṣèèṣì gbójú sókè: ó rí bọ́ọ̀lù lórí omi, kò rí ọmọ. Ó bẹ́ sínú omi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ti rí búlọ́ọ̀kù náà láti àárọ̀. Bàbá ọmọ wà nínú wọn. Èmi náà wà nínú wọn. Kálukú rò pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni yóò wá gbé e kúrò.

Wàhálà púùlù àjọni nìyẹn. Ẹni tó bá gbẹ́ púùlù sínú ilé ara rẹ̀ mọ̀ pé ọrùn òun ni ohun tó bá ṣẹlẹ̀ yóò wà. Ti ilé àjọgbé, gbogbo wa la ni ín lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Lọ́jọ́ tí géètì bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ni ín mọ́. Ilé fúláàtì méjìlá ni tiwa, lápá Lẹ́kì l'Ékòó, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ètò tí a tò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, bí a ṣe tò ó tẹ̀ léra. Ẹ mú èyí tó bá ilé yín mu.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ fi orúkọ èèyàn sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ má tíì kọ pátákó kankan. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́? Ta ló ń yẹ omi wò láràárọ̀? Ta ló lè ti púùlù pa láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

“Àwọn sìkọ́rítì” kì í ṣe ìdáhùn. “Facility manager” náà kì í ṣe ìdáhùn bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń yọjú. Orúkọ èèyàn kan la fẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò dì í mú bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá sí nílé. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó wà ní ilé sìkọ́rítì lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yóò kọ orúkọ àti aago tó gbà á, yóò sì kọ aago tó dá a padà.

Ìbéèrè kẹta yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Agbára láti ti púùlù pa gbọ́dọ̀ borí alága, kó borí lańlọ́ọ̀dù, kó sì borí ẹni tó ti san owó àlejò. Nílé wa, oṣù kìíní ni wọ́n ti dán obìnrin tí a fún nípò náà wò: àna alága ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, omi sì ṣú. Ó ti géètì pa. Alága bínú fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni àwọn yòókù ti mọ̀ pé òfin ọ̀hún kì í ṣe eré.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọgbà àti géètì

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ná owó yín sí kó tó kan ohunkóhun. Ọgbà gbọ́dọ̀ yí púùlù ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ga tó mítà 1.2 ó kéré tán. Àlàfo láàárín irin kan àti èkejì kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ibi tó bá fún tó bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Irin tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní àárín ọgbà ti di àkàbà, ẹ jẹ́ kí àwọn irin máa dúró ṣánṣán.

Ilé púpọ̀ l'Ékòó ló máa ń fi ògiri ilé ṣe ìhà kẹrin ọgbà. Ìyẹn dára bí ògiri náà ò bá nílẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn fúláàtì ìsàlẹ̀ bá ṣí tààrà sí etí omi, a jẹ́ pé púùlù wà nínú pálọ̀ àwọn yẹn. Ẹ fi ọgbà dí wọn níwájú, bó tilẹ̀ ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́.

Géètì gbọ́dọ̀ máa ṣí síta, kì í ṣe síhà omi, torí pé ọmọ tó bá fara tì í yóò kàn tún máa tì í dé ni. Ó gbọ́dọ̀ máa pa ara rẹ̀ dé, kó sì máa há fúnra rẹ̀. Ohun tí a fi ń há a gbọ́dọ̀ wà lókè, bíi mítà 1.5 sílẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré ò ní tó.

Báyìí la ṣe ń dán an wò láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ṣí i gbayawu, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí i dé ìdajì, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ṣí i díẹ̀ bí ìbú ìka méjì, kẹ́ ẹ tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni géètì púpọ̀ ti máa ń kùnà: ó á wá rọra kan òpó, ó á dúró jẹ́ẹ́, kò ní há. Lójú ẹni tó dúró lókèèrè, ó ti pa dé. Ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án mọ̀ pé kò pa dé. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ lápá ọ̀dọ̀ wa máa ń jẹ irin. Sípíríǹgì tó yẹ kó lo ọdún púpọ̀ máa ń dípẹtà kí ọdún kan tó pé. Ẹ máa fi òróró sí i, kẹ́ ẹ sì ní èyí tuntun nílẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ìkòkò òdòdó, ẹ̀rọ AC tó wà níta, àga oníke, dúrọ́ọ̀mù omi ńlá: gbogbo ohun tí ọmọ lè gùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọgbà tó bíi mítà kan. Bí àwọn ọmọ bá sì ti ṣeré tán, kí gbogbo bọ́ọ̀lù àti pẹ́pẹ́yẹ oníke kúrò lójú omi. Bọ́ọ̀lù ló pe ọmọ tiwa wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹni tó ń wo omi

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi 300,000 èèyàn ni omi pa káàkiri ayé lọ́dún 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ gbà gbọ́ pé àwọn á gbọ́ ariwo. Sinimá ló tàn wá jẹ. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo. Ẹnu rẹ̀ ń wọ omi ó ń yọ, èémí tí yóò mí gan-an kò tó o, ká má tíì sọ èyí tí yóò fi kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè juwọ́ síni, ó ń fi tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Orí tẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu là, ara dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń ka WhatsApp lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi lè má mọ̀.

Nítorí náà, a ra fèrè kan, a fi okùn pupa sí i. Ẹni tí fèrè bá wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó ń wo omi. Kò gbọdọ̀ mú fóònù dání, kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò gbọdọ̀ máa pín ìrẹsì. Ìṣẹ́jú 20 ni ti ẹnìkan, lẹ́yìn ìyẹn yóò bọ́ fèrè náà sí ẹlòmíràn lọ́rùn, ẹni yẹn yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Mo ti gbà á.” Bí kò bá sọ ọ́, kò tíì gbà á. Ní òde tí àgbàlagbà ogún wà, omi máa ń léwu ju ìgbà tí ẹnìkan ṣoṣo wà níbẹ̀ lọ, torí kálukú ń rò pé ojú pọ̀.

Ọmọ tí kò tíì mọ odò ọ́ wẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà inú omi ti lè kàn án. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sí ọmọ lápá, ohun ìṣeré ni. Ó lè jò, ó lè yọ. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń gbani là, ẹ̀wù ìgbanilà (life jacket) tó ní bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ rà, kó sì bá ìwọ̀n ara ọmọ náà mu.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí inú àwọn kan kì í dùn sí bí mo bá sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ sọ́dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ létí púùlù láìkọ́kọ́ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ odò ọ́ wẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì lè sọ fún màdáámù pé àwọn ò lè ṣe é. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òkú méjì la máa gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: omi fúnra rẹ̀

Kí ẹni tó ń yẹ omi wò dúró ní etí ibi tó jìn jù lọ, kó wo ìsàlẹ̀. Bí kò bá rí ojú ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kedere, púùlù ti pa lọ́jọ́ yẹn. Kò sí àríyànjiyàn. Inú omi tó ṣú, ọmọ lè wà nísàlẹ̀ kí àwọn èèyàn sì máa lúwẹ̀ẹ́ lókè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa lo páálí ìdánwò tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà púùlù. Kí klórínì, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, wà láàárín mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, kí pH, òǹkà tó ń fi hàn bí omi ṣe ní ásíìdì sí, wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bí pH bá ga jù, klórínì tí ẹ dà síbẹ̀ kò ní lágbára mọ́, owó yín sì ti jóná. Álọ́ọ̀mù (alum) máa ń mú kí omi mọ́ lójú. Kì í pa kòkòrò àrùn. Òórùn klórínì tó ń ta sáni nímú kò sì túmọ̀ sí pé omi mọ́. Ìtọ̀ àti òógùn tó pàdé klórínì ló ń mú irú òórùn bẹ́ẹ̀ wá. Kí gbogbo ènìyàn fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ohun tó sábà máa ń ba omi jẹ́ ládùúgbò wa ni owó dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n mú iná lọ, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n má fi jẹnẹrétọ̀ gbé pọ́ǹpù. Lọ́jọ́ kejì omi ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìlànà wa ni pé bí pọ́ǹpù ò bá ṣiṣẹ́ lánàá, a kì í ṣí púùlù lónìí títí a ó fi dán omi wò lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọmọ bá ṣu sínú omi, kí gbogbo èèyàn jáde. Bí ìgbẹ́ náà bá le, ẹ fi àwọ̀n kó o, ẹ jẹ́ kí klórínì wà ní mílígíráàmù 2 ó kéré tán, kí pH má ju 7.5 lọ, kẹ́ ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ti púùlù pa kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́: klórínì gbọ́dọ̀ gòkè dé mílígíráàmù 20 fún bíi wákàtí 13. Ẹni tí inú bá ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ wọlé rárá.

Ní ti ibi tí a ń kó kẹ́míkà sí: kó gbẹ, kó ní fèrèsé, kó ní àgádágodo. Kẹ́míkà la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kẹ́míkà lórí. Ásíìdì àti klórínì kò gbọdọ̀ pàdé, gáàsì tó máa jáde lè pa ẹni tó wà nínú yàrá náà. Klórínì oníyẹ̀fun àti klórínì oníhóró ńláńlá náà kò gbọdọ̀ lo ife kan náà, bí wọ́n bá pò pọ̀ wọ́n lè gbiná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ihò tó ń fà, àti iná

Lọ́dún 2002, ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún méje kan tó ń jẹ́ Virginia Graeme Baker kú sínú agbada omi gbígbóná, torí pé ihò tó ń fa omi fà á mọ́lẹ̀. Ó mọ odò ọ́ wẹ̀ dáadáa. Ọmọ-ọmọ James Baker ni, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ akọ̀wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ jà títí wọ́n fi ṣe òfin kan lọ́dún 2007 tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, tó sọ irú ìdérí tí ihò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní.

Ẹ wọ inú omi, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìdérí yẹn. Ṣé gbogbo ìṣó rẹ̀ pé? Ṣé ó ti sán? Ìdérí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí ẹ̀yìn ọmọ lè dí tán, kò dára. Èyí tó wú sókè díẹ̀ ló yẹ. Ihò méjì tó jìnnà síra wọn ní bíi mítà kan dára ju ẹyọ kan lọ, torí bí ara bá dí ọ̀kan, omi á gba èkejì. Kí àwọn ọmọ tó nírun gígùn àti àwọn tó fi àtàṣímẹ́ǹtì di irun máa dì í mọ́rí. Kẹ́ ẹ sì kun bọ́tìnnì tí a fi ń pa pọ́ǹpù ní pupa, kó wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tó. Tiwa wà nínú ilé jẹnẹrétọ̀ tó ní àgádágodo tẹ́lẹ̀!

Ní ti iná, ọjọ́ òde ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù: sípíkà, wáyà extension tó gba orí ilẹ̀ tútù kọjá, fáànù aládùúró. Kò sí nǹkan oníwáyà tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi ju mítà mẹ́ta lọ nílé wa. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì apá ibẹ̀ àti iná inú omi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá jò, irú èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé omi ń ta òun lára bí abẹ́rẹ́, kí gbogbo èèyàn jáde, kẹ́ ẹ pa máìnì. Ẹ má bẹ́ wọlé lọ gba ẹni tí iná mú nínú omi kí iná tó kú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwà inú omi

Èyí ni àwọn pátákó sábà máa ń kọ, mi ò ní fi gùn ún. A kì í sáré létí omi. A kì í fi orí bẹ́ sínú omi tí kò jìn tó mítà 2.7, púùlù ilé púpọ̀ ò sì jìn tó bẹ́ẹ̀, torí náà ní tiwa ó ti di èèwọ̀. Kẹ́ ẹ kọ bí omi ṣe jìn tó sí etí rẹ̀, kí ẹni tó wà nínú omi àti ẹni tó wà lókè lè rí i. Ẹni tó bá ti mutí kì í wọ omi. Bí NEPA bá mú iná lọ lálẹ́, kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n má dúró de jẹnẹrétọ̀.

Bí ààrá bá sán, kí wọ́n jáde, kí wọ́n má padà wọlé títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn. Àwọn bàbá wa kò dúró sórí omi bá Ṣàngó jiyàn, àwa náà ò ní ṣe é.

Eré kan tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ràn ni ta ló lè pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ẹ fi òfin de èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ léraléra kó tó wọ ìsàlẹ̀ lè dákú láìmọ̀, torí ara rẹ̀ kò ní kìlọ̀ fún un pé èémí ti tán. Àwọn tó mọ odò ọ́ wẹ̀ jù lọ ni eré yìí ń pa.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹnìkan bá ń rì

Ẹ má bẹ́ wọlé. Ẹni tó ń rì yóò gun ẹni tó wá gbà á lórí bí igi. Ẹ na ọ̀pá sí i, tàbí kẹ́ ẹ ju nǹkan tó ń léfòó sí i. Rọ́bà róbótó ìgbanilà dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí owó rẹ̀ dá yín dúró: kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà márùn-ún tí a dé pinpin, tí a bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè ròkè bí a bá jù ú, tí a so okùn mítà 15 mọ́, ṣe iṣẹ́ náà. Mẹ́rin wà nílé wa, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ jù ú kọjá orí ẹni náà, kẹ́ ẹ wá fà á padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá ti jáde tí kò mí, kí ẹnìkan pe 767 tàbí 112 bó bá jẹ́ Èkó, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kì kò sì ní dúró de yín. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ líle. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún, kẹ́ ẹ rí i pé àyà rẹ̀ ń gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 fún àgbàlagbà, ìdá kan nínú mẹ́ta àyà fún ọmọdé, kó yá tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Èémí méjì, ọgbọ̀n ìtẹ̀. Ẹ má dúró títí yóò fi mí tàbí tí àwọn ambulance yóò fi dé.

Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ má dorí ọmọ kodò. Ẹ má bu epo pupa sí i lẹ́nu. Gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ àkókò, wọ́n sì lè mú kí èébì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bó bá jí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bèèrè oúnjẹ, ilé ìwòsàn náà ni. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti mu omi lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta la máa ń fi ère kan ṣe ìdánrawò rẹ̀ nílé wa. Mẹ́gádì wa ló yára jù nínú gbogbo wa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwọn àlejò, àti púùlù tí a kò lò mọ́

Fúláàtì méjì nílé wa ni wọ́n ń fi ṣe short-let, àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Wọn ò mọ òfin wa, wọn ò sì sí nípàdé. Ẹni tó gbà wọ́n lálejò ni yóò mú wọn wá síwájú pátákó, tí a kọ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti pidgin, pẹ̀lú àwòrán, kó tó gba kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Orúkọ tirẹ̀ la ó kọ sínú ìwé, kì í ṣe ti àlejò.

Ilé púpọ̀ ni púùlù wọn ti di adágún aláwọ̀ ewé, torí pé service charge ò wọlé mọ́. Ìyẹn ló burú jù, nítorí kò sẹ́ni tó tún ń ronú nípa rẹ̀, omi òjò sì ti kún un. Ẹ má kàn fa gbogbo omi rẹ̀ gbẹ lójijì. Lápá ibi tí omi ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè bíi Lẹ́kì, pàápàá lásìkò òjò, púùlù òfìfo lè gbéra kúrò nílẹ̀ kó sì sán. Ẹ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kó tó dìgbà náà, ẹ fi àwọ̀n irin tó lè gbé àgbàlagbà bò ó, ẹ fi àgádágodo sí géètì, kí ẹnìkan sì máa lọ wò ó lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.